Ìlà Ebè Kan Tó Dín

Ìda tó wà lẹ́nu àpòòwé náà kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn, mi ò sì tíì jókòó. Ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí, ní ìda pupa lòun fi lẹ̀ ẹ́ pa lọ́jọ́ tóun kọ ìdáhùn ìdánwò sínú ìwé tóun sì tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ìda pupa náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti yọ́ àbẹ́là funfun sábẹ́ rẹ̀, kí ẹnu àpòòwé tó ti ṣí lè tún lẹ̀ mọ́ra.

"Wọ́n ṣí i, wọ́n wò ó, wọ́n sì dá a padà," ni mo wí. "Olè tó bá gbé nǹkan sá lọ kì í dùn mọ́ mi. Èyí tó bá dá a padà ló ní làákàyè díẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin gíga ni, kóòtù dúdú ló sì wọ̀ nínú ooru Adó lóṣù kẹta. "Sájẹ́ǹtì Ìbítóyè, mi ò pè yín pé kẹ́ ẹ wá bá mi wá olè. Mo ti mọ olè. Mo ní kẹ́ ẹ wá mú un ni."

"Ẹ ṣeun sà. Ẹ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́. Ta ni?"

"Mùlíkàt."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ọdún 1957 ni. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú fẹ́ rán ọmọ kan ṣoṣo lọ kàwé sí i ní Ìbàdàn, lọ́fẹ̀ẹ́, títí tí yóò fi jáde. Ọmọ mẹ́ta ló kù nínú ìdánwò náà. Akínbọ́lá ni àkọ́kọ́, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ Bàbá Ìjọ tó ń gbé ní àdúgbò Ìjìgbò. Ìkejì ni Jùmọ̀kẹ́, ọmọ àgbẹ̀ láti Ìgèdè. Ìkẹta ni Mùlíkàt, tí ìyá rẹ̀, Kúdírátì, gbé obì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà kan tí kò sì padà mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí gan-an ni ẹgbẹ́ fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọ tó wọlé. Bí ọ̀gá bá fi lè pe Mùlíkàt ní olè níwájú wọn, Ìbàdàn lọ nìyẹn, kò sì sí ilé-ìwé kan ní gbogbo Èkìtì tí yóò tún ṣílẹ̀kùn fún un.

"Kí lẹ rí lọ́wọ́ rẹ̀ sà?"

"Òun ló ń gbá ọ́fíìsì mi. Mo sì rí èyí nídìí kọ́bọ́ọ̀dù." Ó na ọwọ́ sí mi. Awẹ́ obì kan ni, wọ́n ti gé e jẹ dé ìdajì. "Ta ni ìyá rẹ̀ ń ta obì nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Mo wo obì náà, mo wo ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rẹ́rìn-ín fún mi."

"Kí lẹ wí?"

"Ẹ̀rín díẹ̀ péré."

Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó la ẹnu láti bá mi wí, ìyẹn náà sì tó mi. Obì ti kun eyín rẹ̀. Òun kan náà ló fi òfin de obì jíjẹ nínú ọgbà ilé-ìwé náà, ó sì gbé pátákó rẹ̀ kọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

"Àpò kóòtù yín ti lu sà," ni mo wí, mo sì fi ìka tọ́ ọ. "Ẹ máa jẹ obì yín ní gbangba. Bíbélì ò sọ pé kẹ́ ẹ má jẹ ẹ́."

Ó wúkọ́. Ó fi awẹ́ obì náà sórí tábìlì bí ẹni pé kò rí i rí.

"Ta ló tún máa ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yìí?"

"Akínbọ́lá máa ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi tó bá fẹ́ mú ṣọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n ọmọ Bàbá Ìjọ ni."

"Mo gbọ́ sà. Ta ló tún kù?"

Ó ronú díẹ̀. "Jùmọ̀kẹ́ ń gbé nílé mi, ó ń ran ìyàwó mi lọ́wọ́. Ara ìṣó ni mo sì ń fi kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ sí nílé."

Ó ti di pé ọwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè tó kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fa àga, mo jókòó wàyí. Iṣẹ́ ti délẹ̀.

Mo ní kó kó ìwé ìdánwò wọn wá. Ìbéèrè méjìlá ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba mọ́kànlá, ìkejìlá ló yà wọ́n. Bí mo bá ní kí n tú u sí èdè wa, ohun tó wí rèé: àgbẹ̀ kan kọ ìlà ebè mọ́kàndínlógójì, ebè márùndínláàádọ́ta ló wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Àgbàrá wá gbá ebè márùndínlọ́gọ́jọ lọ. Ebè mélòó ló kù?

Nínú ìwé ìdáhùn tí ọ̀gá fi ìda lẹ̀, 1644 ló wà níbẹ̀. Akínbọ́lá kọ 1644. Jùmọ̀kẹ́ kọ 1644. Mùlíkàt kọ 1600, kò sì kọ bó ṣe ṣe é sílẹ̀.

"Ẹ dúró sà," ni mo wí. "Ẹ ní Mùlíkàt ló jí ìdáhùn wò. Òun nìkan náà ni kò kọ ohun tẹ́ ẹ kọ."

"Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọ̀kan kí a má bàa fura. Ẹ wo ìwé rẹ̀ látòkè délẹ̀, ìdáhùn lásán ni, kò sí bó ṣe rìn ín. Ibo ló ti rí wọn?"

"Ọmọ tó ń wá Ìbàdàn lójú méjèèjì wá mú èyí tó máa gbé e débẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í?"

Mo fa pẹ́ńsù yọ, mo ṣe ìṣirò náà sẹ́yìn páálí sìgá mi. Mo rí 1600. Mo tún un ṣe. 1600 náà ni. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, bí ó ti máa ń dùn nígbà tí okùn bá fẹ́ tú.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi ṣe é lójú mi báyìí. Kíákíá."

Gẹ̀ẹ́sì ni Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí ń sọ sí gbogbo ẹ̀dá, títí kan ewúrẹ́ tó bá wọ ọgbà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ní kó yá ọwọ́, ẹnu rẹ̀ yà sí ibi tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní kíkà. "Ogójì ìlà, ebè márùndínláàádọ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀sán nìyẹn, 1800. Mọ́kàndínlógójì ni wọ́n, ẹ yọ kan. 1799. Ẹ yọ tàgbàrá, 155. 1644. Ó parí."

"Ẹ yọ kan. Kan kí ni sà?"

"Kan..." Ó tún ojú wo ìbéèrè náà.

"Ìlà kan ló dín, kì í ṣe ebè kan. Ebè márùndínláàádọ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ yọ. Ẹ yọ ẹyọ kan, ẹ wá fi mẹ́rìnlélógójì tó kù tọrẹ fún àgbẹ̀. Mùlíkàt ló gbà á. Ìwé tẹ́ ẹ fi ìda lẹ̀ ló ṣì."

Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó sì jókòó pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì nìkan. Mo bọ̀wọ̀ fún un nídìí ìyẹn, nítorí ẹlòmíràn ìbá bá mi jà.

Obìnrin kan ti dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo jáde, agbọ̀n obì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé Kúdírátì ni, àti ọmọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá ọlọ́pàá," ni ìyá wí, ó kúnlẹ̀. "Wọ́n ní ọmọ mi jalè. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé tìtorí pé a kì í ṣe ọmọ ìlú yìí ni, ẹ sọ fún mi, màá gbé agbọ̀n mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má pe ọmọ mi lólè."

"Ẹ dìde, ìyá. Ẹ ò ní gbé agbọ̀n kankan." Mo yíjú sí ọmọ. "Mùlíkàt, kí ló dé tí o kò kọ bí o ṣe ṣe ìṣirò kejìlá?"

"Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ kọ níbẹ̀, sà." Ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi. "Mo ṣe é bí àwa ṣe ń ṣe obì ni. Tí ogójì agbọ̀n bá yẹ kó dé tí ọ̀kan ò dé, agbọ̀n odindi la máa yọ, a ò ní yọ ẹyọ obì kan. Ìlà tó dín, ebè márùndínláàádọ́ta. Èyí tí àgbàrá gbé, márùndínlọ́gọ́jọ. Mo rí i pé tí wọ́n bá pàdé, igba ni wọ́n. Ẹgbẹ̀sán, igba mẹ́sàn-án ni. Mo yọ igba kan, ó ku igba mẹ́jọ. Ẹgbẹ̀jọ, sà."

Èmi ti lo odindi ẹ̀yìn páálí sìgá. Ọmọ yìí gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí n má purọ́, mo jowú rẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ jókòó sí ibòòji yẹn," ni mo sọ fún ìyá rẹ̀. "Ẹ ta obì yín fún mi méjì. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá ilé-ìwé rí i o, ó fẹ́ràn rẹ̀ jù."

Ìgbà yẹn ni Kúdírátì tó rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kò tíì tán. Nígbà tí mo padà wọlé, ọ̀gá ti rí ohun tí èmi náà rí.

"Sájẹ́ǹtì, tí ìdáhùn mi bá ṣì, ẹni tó bá kọ irú àṣìṣe mi ló wò ó. Àwọn méjì ló kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Àwọn méjèèjì ló jalè nìyẹn?"

"Kí wọ́n pín àbẹ́là kan lò? Rárá. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

Jùmọ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé. Ọmọ kúkurú tó gbópọn ni, ó sì kí mi pẹ̀lú ohùn Ìgèdè tí kò fi nǹkan kan bò.

"Nígbà tí o bá ń kàwé lálẹ́ nínú ulé ọ̀gá, kí lo fi ń ríran?" mo bi í. Mo fi "ulé" náà, bí àwọn ará Ìgèdè ṣe ń pe ilé, pàdé rẹ̀ kí ara lè tù ú.

"Àbẹ́là ni, sà. Tí mo bá ti parí uṣẹ́ ulé, mo á tan àbẹ́là."

"Funfun?"

"Funfun ni, sà."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ ọ. Mo ṣí ìwé Jùmọ̀kẹ́ sórí tábìlì. Ó ti kọ ọ́ ní kedere: ogójì ìlà, 1800. Ó dín kan, 1799. Yọ 155, 1644.

"Ta ló kọ́ ọ láti máa kọ́kọ́ gbé e dé ogójì?"

"Bàbá mi. Bí a bá ń ka ebè lóko, bẹ́ẹ̀ la ń kà á. Ẹni tó bá ń ka mọ́kàndínlógójì lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn lóko."

Mo ní kó jáde. Akínbọ́lá wọlé. Bàtà rẹ̀ ń dán, irun rẹ̀ là sí méjì. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó sì dá mi lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì títí mo fi ní kó bá mi sọ Yorùbá.

"O máa ń mú ṣọ́ọ̀kì nínú kọ́bọ́ọ̀dù?"

"Gbogbo òwúrọ̀ ni, sà. Iṣẹ́ olórí akẹ́kọ̀ọ́ ni."

"O rí àpòòwé?"

"Mo rí i, sà. Mi ò fọwọ́ kàn án. Àtùpà là ń tàn nílé wa, sà, a kì í lo àbẹ́là."

Mi ò tíì dárúkọ àbẹ́là fún un. Ṣùgbọ́n ó ti lè gbọ́ ọ lẹ́nu Jùmọ̀kẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí náà mi ò tíì gbára lé e. Mo wo ìwé rẹ̀. Òun ṣe é bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nínú ìwé òyìnbó: 45 lọ́nà mẹ́sàn-án, 45 lọ́nà ọgbọ̀n, kó pa wọ́n pọ̀. Ó kọ 449 sí ti àkọ́kọ́, 1350 sí ìkejì. Àpapọ̀ wọn, 1799. Ó yọ 155, 1644. Ó ti fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́ lábẹ́ 449 náà, ṣùgbọ́n ìwé Jùmọ̀kẹ́ pàápàá kún fún rọ́bà.

"45 lọ́nà mẹ́sàn-án, 405 ni," ni mo wí.

"Mo kánjú, sà. Àṣìṣe ni." Ó tẹrí ba. Ó rí bí ọmọ tó dá ara rẹ̀ lẹ́bi nítòótọ́.

Nígbà tó jáde, ọ̀gá dìde. "Jùmọ̀kẹ́ ni. Àbẹ́là tirẹ̀ ni, kọ́kọ́rọ́ wà nílé tó ń gbé, ọ̀rọ̀ mi gan-an ló sì dà kọ. Ogójì, yọ kan. Àdàkọ ni."

"Ìdáhùn nìkan ló wà nínú àpòòwé yín, àbí ẹ kọ bẹ́ ẹ ṣe rìn ín?"

"Ìdáhùn nìkan."

"Kí ló wá dà kọ? Ẹ kò kọ ogójì síbì kankan. Ẹ jẹ́ kí n lo pátákó yín, kí ẹ sì pè wọ́n wá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má sọ fún wọn pé ìdáhùn yín ṣì."

Ọ̀gá ṣe bí mo ti wí. Mo pín pátákó kíláàsì sí mẹ́ta, mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀kì, mo ní kí wọ́n má wo ara wọn. Mo ka ìbéèrè tuntun jáde: agbọ̀n ọsàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọsàn márùndínlógójì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọsàn mélòó?

Mùlíkàt kọ 1015, ó sì gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Akínbọ́lá tò ó sílẹ̀ dáadáa: 35 lọ́nà mẹ́sàn-án, 315. 35 lọ́nà ogún, 700. 1015. Jùmọ̀kẹ́ ló gbẹ̀yìn: ọgbọ̀n agbọ̀n, 1050. Ó dín kan. 1049.

Ọ̀gá sún mọ́ etí mi. "Ẹ rí i? Akínbọ́lá gbà á. Jùmọ̀kẹ́ kò mọ nǹkan, olè rèé."

"Ọ̀gá, ẹni tó ṣì í ni kò jalè," ni mo wí, mi ò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ wo ti Jùmọ̀kẹ́. Ó ṣi ti ebè, ó tún ṣi ti ọsàn, ibi kan náà ló sì ti ṣubú. Ó yọ ẹyọ nígbà tó yẹ kó yọ agbọ̀n. Àṣìṣe tirẹ̀ ni, ó ń gbé e kiri ni. Ẹ̀yin náà sì ń gbé irú rẹ̀, nítorí ẹ̀yin méjèèjì ń kà bí a ti ń kà lóko, ẹ gbé e dé ogójì kí ẹ tó dá a padà. Ìwé òyìnbó kì í rin ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà òyìnbó lè ṣubú níbòmíràn, kò lè ṣubú síbi tí 1799 wà."

Mo gbé ìwé Akínbọ́lá sókè.

"Ọmọ tó mọ 35 lọ́nà mẹ́sàn-án láìsí wàhálà, tó sì wá sọ pé 45 lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ 449. Akínbọ́lá, o kò kánjú. O ti ní 1644 lórí kí o tó jókòó. O fi 155 kún un, o rí 1799. O yọ 1350 kúrò, ó ku 449. O wá kọ ọ́ síbi tí 405 wà. Ẹ̀yìn lo ti rìn ín wá síwájú."

"Rárá, sà." Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì ti ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àbẹ́là yẹn ń kọ́? Mi ò bi ọ́ léèrè rẹ̀, ìwọ lo dárúkọ rẹ̀ fún mi."

Ó wo ọ̀gá. Ọ̀gá gbójú kúrò lára rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Bàbá Ìjọ, gbogbo Ìjìgbò ló mọ ohùn rẹ̀ nígbà àdúrà, mo sì rò pé ohun tó wọ ọmọ náà lára jù nìyẹn.

"Ti ilé ìjọ ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo mú un nígbà tí mo lọ gbá ilé ìjọ. Bàbá mi ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé èmi ni mò ń lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ti ń kí mi lójú ọ̀nà. Ẹ̀rù bà mí pé n kò ní lè gbà á."

Jùmọ̀kẹ́ bú sẹ́kún nítorí àánú rẹ̀. Mùlíkàt fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù ńlá kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí lọ síwájú pátákó, ó sì ṣe ohun tí mi ò retí. Ó yíjú sí ọmọ náà, ó ní, "Mùlíkàt, èmi ni mo ṣì. Orúkọ rẹ ni màá mú lọ fún ẹgbẹ́ nírọ̀lẹ́ òní. Lọ sọ fún ìyá rẹ." Ọmọ náà sáré jáde, a sì gbọ́ igbe Kúdírátì láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Akínbọ́lá dúró síbi tó wà. Mo mú ìwé rẹ̀ lọ sẹ́nu fèrèsé, mo gbé e kojú oòrùn. Rọ́bà pa nǹkan rẹ́, ṣùgbọ́n kì í pa ojú ibi tí pẹ́ńsù ti tẹ̀ rẹ́. Mo rí 405 lábẹ́ 449. Mo rí 1755 lábẹ́ 1799. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ 1644, ohun tó wà níbẹ̀ ṣe mí láàánú ju olè tó jà lọ. Mo pè é wá kó wò ó.

Ó wò ó pẹ́.

"Mo rò pé èmi ni mo ṣì," ló wí. "Nígbà tí kò bá ti inú àpòòwé mu. Sájẹ́ǹtì, ṣé ẹgbẹ̀jọ ni lóòótọ́?"

"Ẹgbẹ̀jọ ni."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún.